Ohun Tó Ń Rí Bàbá Àgbà Lára

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá Àgbà, gbogbo ẹni tó ń wá kí wa ní Ṣógúnlé ló ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Irọ́ ni. Bàbá tó bí ìyá mi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́ rárá. Ẹni tí ayé ń rí lára ni wọ́n, wọn kì í sì í fi bò. Wọ́n lè jókòó síwájú ọbẹ̀ tí gbogbo wa ti ń torí rẹ̀ pọ́n ìka lá, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì ti abọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni pé òkú eku ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan báyìí, mo bi wọ́n pé kí ló ṣe ọbẹ̀ ilé ìkómọ kan tí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kàn. Wọ́n ní, "Ọbẹ̀ yẹn ti kan láti àná. Wọ́n kàn tún gbé e kaná kó má baà jẹ́wọ́ ni."

Iṣẹ́ wolé-wolé ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà wọn: wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ káńsù tó máa ń wọ kakí, tó máa ń yọ sí onílé láàárọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, tó máa ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, tó máa ń yọjú wo ṣáláńgá, tó sì máa ń pe ọ̀bùn lẹ́jọ́. Èkìtì ni Bàbá Àgbà ti wá sí Èkó nígbà èwe wọn, títí wọ́n sì fi kú, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. Wọ́n bọ́ kakí sílẹ̀, ṣùgbọ́n imú wọn kò fẹ̀yìn tì. Kí n bá wọn rìn gba Bọ́ládé kọjá, ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹja díndín lórí àtẹ. Àkísà kan ṣoṣo ló ní. Òun ló fi ń lé eṣinṣin, òun ló fi ń nu ọwọ́, nígbà tí ọ̀fìnkìn sì dé, òun náà ló fi fun imú, ó sì dá a padà sórí ẹja. Bàbá Àgbà dúró gbagidi láàárín èrò.

"Ìyá, àkísà yẹn, ti imú ni tàbí ti ẹja?"

"Bàbá, ẹ máa bá tiyín lọ jàre! Ọkọ mi ò sí ńlé, èmi nìkan ni mo ń ṣe gbogbo ẹ̀."

Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo ń fa apá wọn pé ká lọ. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Bí ẹni tó ń kàwé ni wọ́n ṣe sọ ọ́: "Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìràn mọ́. Tìẹ ò tíì kú pàápàá."

Mo fẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe nǹkan ẹ̀rín ni nínú ilé. Màmá Àgbà, ìyàwó wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Délé nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ àkọ́bí wọn, jẹ́ obìnrin tó mọ́ tónítóní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọṣẹ ló ń rùn lára wọn ju ìpara lọ. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún Bàbá Àgbà, Bàbá Àgbà á gbé àwo òfìfo sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ tún un fọ̀ kí wọ́n tó gba oúnjẹ sínú rẹ̀. Ojoojúmọ́. Níwájú ọmọ, níwájú àlejò. Mo rò pé ó ti mọ́ Màmá Àgbà lára ni, àfi ọjọ́ kan tí a ń jẹun alẹ́ Ọdún Àjíǹde, tí ilé kún. Bàbá Àgbà dìde pẹ̀lú àwo. Màmá Àgbà gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀, wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́: "Bàbá Délé, ẹ̀yin rò pé àwo lẹ̀ ń fọ̀. Èmi lẹ̀ ń fọ̀."

Irú èèyàn báyìí ló wá fẹ́ràn ìrìn àdúrà ìjọ wa ju ohunkóhun lọ. Aláṣọ funfun ni wá. Bí ó bá ti di Ẹtì Rere, ọjọ́ ìrántí ikú Jésù, gbogbo ìjọ á gbààwẹ̀, a ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Ṣógúnlé, ká gba Bọ́ládé já sí Òṣòdì, ká wá kọrí sí Ìsọlọ̀, níbi tí ilẹ̀ àdúrà wa wà. Ẹni tó bá mọ Òṣòdì mọ ohun tí ẹsẹ̀ lásán ń pàdé níbẹ̀. Omi dúdú tó ń sun láti abẹ́ páálí. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti jẹrà. Itọ́. Ìtọ̀ ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n kọ "Má ṣe tọ̀ síbí" sí. Ohun tó rọ̀ tí èèyàn ò fẹ́ bojú wolẹ̀ kó mọ ohun tó jẹ́. Èmi a máa yan ibi tí mo máa gbé ẹsẹ̀ lé bí adìyẹ tó wọ ilé tuntun. Bàbá Àgbà kì í yàn. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì máa ń rí i tí awọ ọrùn wọn ń ṣe wọ́n yìì. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ara wọn bẹ́ẹ̀. "Ọlọ́run mọ ohun tó nira fún oníkálukú," ni wọ́n wí. "Ti ẹlòmíì, ebi ni. Tèmi, ilẹ̀ Òṣòdì ni."

Nítorí imú wọn yìí ni ìjọ ṣe fi wọ́n ṣe ẹni tó ń wá ibi tí a ó ti jẹun tí a bá dé Ìsọlọ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀, tó rin irú ìrìn yẹn, kò ní agbára àtipadà sílé kó tó jẹun, búkà sì pọ̀ ní Ìsọlọ̀ bí èèrùn. Kí ọjọ́ náà tó pé, Bàbá Àgbà á mú mi dání, a ó máa ti búkà kan bọ́ sí òmíràn. Wọn kì í kọ́kọ́ wo oúnjẹ. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń lọ tààrà. Ohun tí mo rí lẹ́yìn àwọn ilé wọ̀nyẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun níta fún ìgbà pípẹ́. Mo rí ibi tí adìyẹ ti ba lé orí ọmọ odó tó wà nílẹ̀, tó yàgbẹ́ sí i, tí ẹni tó ń gúnyán lé e kúrò, tó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Mo rí obìnrin tó tọ́ ọbẹ̀ wò lórí ìpọnbẹ̀, tó lá a mọ́, tó sì ki ìpọnbẹ̀ náà padà sínú ìkòkò. Mo rí ẹran tó ti rùn tí wọ́n ń dín gbẹ fúrúfúrú kí òórùn rẹ̀ lè kú, ìdin sì ń rìn lórí egungun tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Ibi tó burú jù ni ibi tó dára jù níwájú: táìsì ilẹ̀ ń dán, tẹlifíṣọ̀n ńlá ń sọ̀rọ̀, fáànù ń fẹ́. Lẹ́yìn, eku ń sáré lórí àpò gaàrí lọ́sàn-án gangan, ọmọge tó ń din dòdò sì ń fi ẹsẹ̀ lé wọn láìdákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Mo bì sínú gọ́tà. Bàbá Àgbà di orí mi mú títí mo fi bì tán. Wọ́n ní, "Iwájú ilé, gbogbo ayé ló ń gbá a. Ẹ̀yìn ni kó o máa wò."

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá Wòlíì tó jẹ́ olórí ìjọ wa dìde ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n kéde pé kò sí ìdí láti máa wá búkà kiri mọ́. Ìyàwó wọn, tí a ń pè ní Ìyá Wòlíì, ti ṣí kántíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ àdúrà. Gbogbo ẹni tó bá rin ìrìn náà, ibẹ̀ ni kó ti jẹun. Ó tiẹ̀ tún jẹ́ ìbùkún. Ìjọ ṣe àmín. Mo yíjú sí Bàbá Àgbà. Wọ́n ṣe àmín tiwọn náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un fún etí mi nìkan: "Ìkòkò á sọ tẹnu ẹ̀."

Oòrùn ọjọ́ Ẹtì Rere yẹn le. Nígbà tí a fi máa gbàdúrà àgbàkẹ́yìn ní Ìsọlọ̀, àwọn àgbàlagbà ti ń jókòó sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ètè ti funfun. Òórùn ọbẹ̀ ata ń bọ̀ láti kántíìnì. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga, a jókòó, Ìyá Wòlíì fúnra wọn sì dúró nídìí ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, wọ́n ń bu ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bàbá Àgbà kò jókòó. Wọ́n gba ẹ̀yìn lọ, mo tẹ̀ lé wọn.

Báfù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fọ àwo. Omi inú rẹ̀ ti ki, ó dúdú, ó ń yọ̀ bí ikun. Òróró ọbẹ̀ léfòó lójú rẹ̀, egungun ẹja ń bẹ níbẹ̀, wóró ìrẹsì tó ti wú, irun orí, àti òkú eṣinṣin tó ń yí po. Etí gọ́tà ni wọ́n gbé e sí, omi gọ́tà sì ń ta sínú rẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti kọjá. Ẹni tó ń fọ àwo kì í fọ̀ ọ́. Yóò tẹ̀ ẹ́ bọ omi náà, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò gbé e fún ẹni tó ń bu oúnjẹ. Ìrẹsì á bọ́ sórí omi náà. Àwo yẹn ló ń lọ síwájú àwọn tó gbààwẹ̀.

Bàbá Àgbà pe Ìyá Wòlíì sẹ́yìn, wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́.

"Ìyá Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n da omi yìí nù, kí wọ́n pọn òmíràn."

"Omi dà, Bàbá Délé? Kò sómi. Ẹ lọ jókòó, ebi ń pa àwọn èèyàn."

"Èmi á lọ wá omi."

"Mo ní kẹ́ ẹ lọ jókòó! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ́ ni? A ti gbàdúrà sí oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ìyá Wòlíì padà sídìí ìkòkò. Bàbá Àgbà wo báfù náà. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ike kan nílẹ̀, wọ́n bu omi dúdú yẹn kún un, wọ́n gbé e gba àárín kánópì kọjá lójú gbogbo ìjọ, wọ́n dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ sínú ọbẹ̀.

Ariwo tó sọ, mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìyá Wòlíì ká ọwọ́ lérí. Ẹnì kan ní ọtí ló ń pa Bàbá Àgbà, ẹlòmíì ní àǹjọ̀nú ni. Bàbá Wòlíì dìde.

"Bàbá Délé! Kí lẹ dà sínú oúnjẹ àwọn èèyàn Ọlọ́run?"

Bàbá Àgbà gbé ike náà pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. "Omi tí ẹ fi ń fọ àwo wọn ni. Tó bá dára fún àwo, kí ló dé tí kò dára fún ọbẹ̀?"

Àwọn tó ti gba oúnjẹ ń wo àwo ọwọ́ wọn. Obìnrin kan dìde, ó sáré lọ bì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo ayé yípadà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bàbá kan tó jókòó nítòsí mi di ojú méjèèjì, ó sì ń bá ìrẹsì tirẹ̀ lọ. Àwọn tí kò tíì gba tiwọn ló bínú jù. Wọ́n bú Bàbá Àgbà, wọ́n bú ìyá wọn ní Èkìtì. Màmá Àgbà fi ìborùn bo ojú, wọ́n ń sunkún ìtìjú. Èmi náà bínú. Ebi ń pa mí, mo sì rò ó nínú mi pé wọn ì bá tiẹ̀ jẹ́ ká jẹ ẹ̀gbin náà ní àlàáfíà.

A jáde kúrò níbẹ̀, Bàbá Àgbà níwájú, Màmá Àgbà àti èmi lẹ́yìn, pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn tí kò lè jẹ oúnjẹ náà mọ́. A já sí òpópó kan tí mi ò gbà rí, níbi tí búkà onípákó kan wà. Òógùn bo obìnrin tó ń gúnyán níbẹ̀, ó wọ ìbòrí gígùn bí ìyá ẹléhàá, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ará Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé. Ìyá Ràfíù ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Àgbà kí i, wọ́n sì kọrí sí ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Obìnrin náà fi ọmọ odó dábùú ọ̀nà.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn ni."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà. Mi ò tíì rí ẹsẹ̀ tó dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo Òṣòdì ló wà níbẹ̀: ọ̀rá dúdú títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ gọ́tà láàárín ọmọ ìka, ohun aláwọ̀ ewé kan tó ti gbẹ mọ́ gìgísẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti wọlé ṣáájú wọn.

"Láti Ṣógúnlé ni mo ti rìn ín wá," ni Bàbá Àgbà wí. "Nítorí Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run á gbà á, Bàbá. Kíṣìnnì tèmi ò gbà á."

Màmá Àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n ń retí ìjà. Bàbá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ń mi èjìká, tó ń mú omi lójú. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ní irú rẹ̀ nínú. Obìnrin náà gbé búta tó fi ń ṣe àlùwàlá wá pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, Bàbá Àgbà jókòó sórí pákó níta, wọ́n sì fọ ẹsẹ̀ wọn láàárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, obìnrin náà yà fún wọn kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìn. Wọn ò lọ mọ́. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n gba iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nínú àwo tí wọn ò tún fọ̀. "Ẹni tó lé mi jáde torí ẹsẹ̀ mi," ni wọ́n sọ fún Màmá Àgbà, "kí ni mo tún ń wá lẹ́yìn ilé rẹ̀?"

Màmá Àgbà ń wo àwo tí Bàbá Àgbà kò fọ̀. Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó sọ fún mi, kì í ṣe fún ọkọ wọn: "Bàbá Àgbà rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fọkàn tán obìnrin, ṣé o rí i?"

Àwọn àgbà ìjọ pe Bàbá Àgbà jókòó. Wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Wòlíì. Bàbá Àgbà ní àwọn ṣe tán láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ebi tó pa àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn ò ní kúnlẹ̀ fún báfù. Àwọn àgbà náà gba ipò tí Bàbá Àgbà ní nínú ìjọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá Àgbà ti ń rin ìrìn Ẹtì Rere, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a kì í dúró jẹun ní kántíìnì. A ó kọrí sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù, àwọn kan á sì yọ́ tẹ̀ lé wa. Kántíìnì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo yọjú sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dún yìí. Omi yẹn ṣì dúdú, ìjọ ṣì ń jẹ ẹ́. Bàbá Wòlíì ló sì dìde níbi ìsìnkú, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ rere nípa Bàbá Àgbà, tí wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo jáde síta lọ tutọ́.

Àìsàn tó mú Bàbá Àgbà lọ, rọpárọsẹ̀ ni. Apá kan àti ẹsẹ̀ kan kú, ara wọn kò sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé sá fún ẹ̀gbin wá ń jí nínú ẹ̀gbin tirẹ̀. Màmá Àgbà kò jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Àwọn ni wọ́n ń yí Bàbá Àgbà, tí wọ́n ń nù wọ́n, tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ. Òórùn náà wà nínú yàrá, mi ò ní parọ́. Bàbá Àgbà á kọjú sí ògiri títí wọn á fi ṣe tán.

Lẹ́yìn náà Bàbá Àgbà ò jẹun mọ́. A rò pé imú wọn náà ni. Màmá Àgbà pààrọ̀ ọbẹ̀, a ra èso, Ìyá Ràfíù fúnra rẹ̀ gbé iyán sínú kúlà wá láti Ìsọlọ̀. Bàbá Àgbà dúpẹ́, wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n ń gbẹ lójú wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo di abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Màmá Àgbà jókòó sétí ibùsùn náà, ṣíbí lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá Délé, ẹ sọ ọ́ fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?"

Ahọ́n wọn ti wúwo. "Tí mo bá jẹ," ni wọ́n wí, "ìwọ lo máa kó o."

"Ta ni ìbá kó o?"

Bàbá Àgbà yíjú kúrò lára ògiri, wọ́n kọjú sí Màmá Àgbà. "Ìyá Délé. Kì í rí ọ lára?"

Mo dúró kí Màmá Àgbà sọ ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún aláìsàn. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n bu ẹ̀kọ, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tutù, wọ́n gbé e dé ètè ọkọ wọn.

"Ó ń rí mi lára," ni Màmá Àgbà wí. "Ó ń rí mi lára gan-an. Ẹ lanu."

Bàbá Àgbà wò wọ́n, wọ́n sì lanu.